Mo Wọn Ọkọ̀ Mi fún Ilẹ̀ Dúdú Ọ̀họ̀rí

Abẹ́ ọkọ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ gíga ọkọ̀ kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn. Mo dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà oko kan lẹ́yìn Pobẹ̀, ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Òjò ti sọ ọ̀nà náà di kòtò gígùn méjì níbi tí táyà ń gbà, ebè kan sì dúró láàárín wọn. Táyà mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú kòtò, ikùn jíìpù mi jókòó lé ebè bí adìyẹ tó sàba, àwọn táyà iwájú sì ń yí lásán. Màmá mi wà nínú ọkọ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Kìlómítà mẹ́rin péré ló kù ká dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìgbà náà ni taksí kan yọ lẹ́yìn wa. Ó ti gbó débi pé okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀ kan. Gbágùúdá kún orí rẹ̀, èèyàn kún inú rẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ rọra yà sínú kòtò méjì mìíràn tí àwọn ọkọ̀ ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ó nawọ́ kí wa, ó kọjá. Kò tilẹ̀ sáré. Láti ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí, mo rí abẹ́ ọkọ̀ náà kedere. Lórí sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì, ẹnì kan ti ki irin roboto bọ̀ ọ́, tó nípọn tó ìka méjì. Ohun tó gbé e kọjá kò ju ìyẹn lọ.

Mo bú sẹ́rìn-ín nínú ẹrẹ̀. Màmá yọ orí láti ojú fèrèsé.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn?"

"Màmá, mo ti rí i."

"Kí lo rí? Jáde níbẹ̀, aṣọ rẹ ti bàjẹ́."

Àwọn àgbẹ̀ mẹ́fà ló fà wá sẹ́yìn jáde. A yí padà. Màmá ò sọ ju gbólóhùn kan lọ títí a fi dé ojú ọ̀dà: "Ó ti se oúnjẹ sílẹ̀ dè wá."

ÌLARÒÓ

Kí n tó máa bá ìrìn náà lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn fi gbà mí ní ọdún méjì.

Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́, tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú màmá mi, ti fẹ́ àgbẹ̀ ará Ọ̀họ̀rí kí wọ́n tó bí mi. Màmá máa ń gun ọ̀kadà lọ kí i tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, kò lè la ẹsẹ̀ lórí ọ̀kadà mọ́. Ọkọ̀ nìkan ló kù, ilẹ̀ dúdú yẹn kì í sì í gba ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lójò, ó ń fà bí ìyẹ̀fun tí a fi omi gbígbóná pò. Lẹ́ẹ̀rùn, ebè náà á gbẹ bí bíríkì, á sì máa fa páìpù èéfín ya. Fóònù nìkan ni àwọn méjèèjì fi ń ríra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí ni Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́ wá sọ lórí fóònù pé, "Ojú mi ń ṣú, àbúrò. Bí o bá pẹ́ sí i, ohùn rẹ nìkan ni màá mọ̀."

Aránṣọ ni mí ní Ìlaròó. Mi ò kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ẹrẹ̀ yẹn ni mo ti ṣí ojú ewé kan fún ọkọ̀ mi nínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Mo kọ "Jíìpù" síbi orúkọ. Téèpù ọrùn mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Láti ilẹ̀ dé ibi tó rẹlẹ̀ jù ní ikùn rẹ̀, ìyẹn irin tó bo ọrùn páìpù èéfín, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàdínlógún.

Owó ò sí láti ra jíìpù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Tèmi, àwọn táyà iwájú nìkan ló ń fà á. Mo wá kọ́kọ́ lọ síbi táyà. Èyí tó bá ọkọ̀ náà wá jẹ́ 215/65 R16. Bí a bá wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 68.6. Mo fi 215/75 R16 rọ́pò rẹ̀, èyí tó jẹ́ 72.9. Ìdajì ìyàtọ̀ náà ni ọkọ̀ fi ń gòkè, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà méjì ó lé díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ní kí n ra táyà tó fẹ̀. Mi ò rà á. Mo rántí pé táyà taksí ọjọ́ yẹn tín-ínrín, pé ńṣe ló gé ẹrẹ̀ wọlẹ̀ títí ó fi kan ibi tó le. Gíga ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ fífẹ̀. (Ẹ jẹ́ kí n fi kún un fún àwọn tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀: nígbà tí ọwọ́ aago ìsáré mi bá wà lórí ọgọ́ta báyìí, ọgọ́ta ó lé mẹ́rin ni mò ń sá gan-an.)

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé táyà tuntun náà ò gba inú ọkọ̀. Bí mo bá yí síteríǹgì dópin, á máa ha ike tó wà nínú máàdìgáàdì, igbe rẹ̀ sì dà bí ti aṣọ líle tó ń ya. Àfi kí a gbé ara ọkọ̀ kúrò lórí táyà. Oníbàárà mi kan tó ń tajà ní Sakẹ́tẹ́, ní Bẹ̀nẹ̀ lójú ọ̀nà Pobẹ̀, ló sọ fún mi pé ibẹ̀ ni àwọn onítaksí ilẹ̀ dúdú ti ń gbé tiwọn. Mo ti ilé ìránṣọ mi, mo gbé Màmá sínú ọkọ̀.

SAKẸ́TẸ́

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa ibẹ̀ ni omi. Mo dé ibi iṣẹ́ náà pẹ̀lú ìkánjú ará Nàìjíríà. Kí n tó pa ọkọ̀ tán ni mo ti ń sọ̀rọ̀ táyà àti sípíríǹgì. Ọ̀gá ibẹ̀ ò dáhùn. Ó gbé àga fún Màmá, ó gbé àga fún mi, ó bu omi sínú ife, òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ mu díẹ̀, ó wá gbé e lé Màmá lọ́wọ́. Ìgbà tí omi dé ọwọ́ tèmi, tí mo mu ún, ló tó bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí, bí ilé ṣe wà, bí ẹsẹ̀ Ìyá ṣe ń ṣe é. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹnikẹ́ni tó wo ọkọ̀ mi. Ìtìjú mú mi díẹ̀.

Sùlé lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Pàtírọ́ọ̀nù ni gbogbo ojúlé ń pè é, bí àwa ti ń pe èèyàn ní Ọ̀gá. Ó ka ojú ewé tí mo kọ ìwọ̀n ọkọ̀ sí látòkè délẹ̀.

"Màdáàmù, ẹ̀yin lẹ wọ̀n ọ́n? Téèpù aránṣọ lẹ fi wọ̀n ọ́n?"

"Èmi ni. Kí lẹ̀yin ń fi wọ̀n ọ́n?"

Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó na àtàǹpàkò sókè. "Èyí. Kò sọnù rí."

Mo sọ fún un pé sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ni mo fẹ́ kó fi gbé e. Ó mi orí. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nàka sí ṣáàfù, irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà iwájú. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè bí ìgbà tí ọkọ̀ bá ga, ó sì tẹ ọrùn ọwọ́ náà wálẹ̀.

"Ẹ wo ọrùn ọwọ́ mi. Bó bá tẹ̀ báyìí, ó ń yí. Bó bá tẹ̀ jù báyìí, á jẹ ara rẹ̀. Ọkọ̀ tí iwájú ń fà, mẹ́ta ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ márùn-ún, ẹ lọ Kútọnu, wọ́n á bá yín ṣe é, wọ́n á sì tún ta ṣáàfù fún yín."

Mo ti ka ohun tó sọ yìí ní oríṣiríṣi ibi, mi ò kàn fẹ́ gbà á ni. Mo gba mẹ́ta.

Irin tí a máa ki bọ̀ ọ́ ò sí ní ìsọ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ràfíù, àgbẹ̀dẹ ìkòkò alumí tó wà lójú ọ̀nà Ìta-Ìjẹ̀bú, ni Pàtírọ́ọ̀nù mú mi lọ. Písítìnì ẹ́ńjìnnì tó ti kú ni bàbá náà ń yọ́ tó fi ń rọ ìkòkò. Ó fi pákó roboto kan tẹ ojú ihò mẹ́rin sínú iyanrìn tútù, ó da alumí tó ti yọ́ bí omi sí i, ó ní ká lọ jẹun kó tó tutù. A jẹ àtásì, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, pẹ̀lú ata àti ẹja díndín. Obìnrin tó tà á gbọ́ ohùn mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ará ìhà ọ̀hún, Yorùbá yín kún fún òyìnbó."

"Tiyín ńkọ́? Ṣé kì í ṣe òyìnbó ló wà nínú rẹ̀?"

"Òyìnbó tiwa mọ oúnjẹ sè," ló fi dá mi lóhùn, ó sì fi ẹja kan kún tèmi.

Nígbà tí a padà, Bàbá Ràfíù hú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú iyanrìn, ó gbé wọn fún mi. Wọ́n ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Mo fi téèpù yí wọn ká, mo wọ̀n wọ́n ní igun mẹ́rin, mo ń wá ibi tí kò dọ́gba. Mo bi í bóyá wọn ò ní là.

"Màdáàmù, ìkòkò tí mo rọ fún ìyàwó mi kí ó tó bí àkọ́bí ni ọmọ-ọmọ wa ń fi se ẹ̀kọ báyìí. Bí ọkọ̀ yín bá kọ̀ wọ́n, ẹ kó wọn lọ ilé, ẹ fi gbé ìkòkò ka iná."

Ẹlòmíràn fi ẹ̀rọ ha ojú wọn dọ́gba, ó sì lu ihò bóòtù sí èyí tó wà fún iwájú. Mo wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Mílímítà ọgbọ̀n ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ká téèpù mi.

ÌWỌ̀N KEJÌ

Wọ́n dè é lọ́jọ́ kejì. Méjì wọ orí ṣọ́ọ̀kì iwájú, méjì wọ orí sípíríǹgì ẹ̀yìn. Mo yí síteríǹgì dópin lọ́tùn-ún, mo yí i dópin lósì, táyà ò ha ibì kankan. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú téèpù mi. Sẹ̀ǹtímítà méjìlélógún ó lé mílímítà kan! Mo jó. Màmá wò mí láti orí àga rẹ̀, ó sọ fún Pàtírọ́ọ̀nù pé bí mo ṣe wà láti kékeré nìyẹn.

Pàtírọ́ọ̀nù ò jó. Ó ní, "Ta ló máa jókòó níbẹ̀?"

"Èmi àti Màmá."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó."

Wọ́n gbé Màmá sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n ní kí èmi jókòó sí iwájú. Pàtírọ́ọ̀nù wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ń kọjá lọ. Ó pe obìnrin alátásì, ó ní kó wá jókòó ti Màmá. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí. Ó jọ pé bí wọ́n ti ń ṣe é ní àdúgbò yẹn nìyẹn: bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ ẹnì kan sókè, ẹni tó bá wà nítòsí á wá bá a jókòó fún ìwọ̀n. Alátásì náà gbé àwo rẹ̀ wọlé, ó sì ń bá Màmá sọ̀rọ̀ ọmọ. Lẹ́yìn náà ni Pàtírọ́ọ̀nù ní kí wọ́n gbé àpò àgbàdo kan síbi ẹrù, ó tún ní kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì epo méjì.

Mo ké sí i. "Pàtírọ́ọ̀nù! Mi ò ní gbé àgbàdo lọ o. Báàgì méjì ni ẹrù wa. Mi ò sì mọ ẹni kẹta tí ẹ gbé síbẹ̀ yẹn."

"Mi ò wọn àlọ yín. Àbọ̀ yín ni mò ń wọ̀n. Ọ̀dọ̀ ará Ọ̀họ̀rí lẹ ń lọ, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ padà lọ́wọ́ òfo. Òjò tó sì máa rọ̀ kẹ́ ẹ tó padà ńkọ́? Ọkọ̀ tó lè lọ tí kò lè bọ̀, ṣé ọkọ̀ nìyẹn?"

Mo sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sípò mi, mo tún wọ abẹ́ ọkọ̀. Mẹ́tàdínlógún ó lé mílímítà mẹ́fà. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin àbọ̀ ti lọ.

Mo pẹ́ lábẹ́ ibẹ̀. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n má fa ikùn mọ́ra, kí wọ́n jókòó kí n wọn ìbàdí wọn, kí wọ́n jẹun yó kí wọ́n tó wá wọn aṣọ ayẹyẹ. Ọdún méjì ni mo fi ń wọn ọkọ̀ mi lófìfo. Ńṣe ni mo ń gbé 22.1 kiri lọ́kàn bí ẹni tó gba ẹ̀bùn, bẹ́ẹ̀ bí màmá mi bá ti wọ̀ ọ́, ọkọ̀ náà ò ní ga tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Pàtírọ́ọ̀nù yọ sípíríǹgì ẹ̀yìn méjèèjì. Ó fi àlòkù tó le ju tiwọn lọ rọ́pò wọn, èyí tó bọ́ lára ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ó sì dá irin Bàbá Ràfíù padà sórí wọn. A tún pe gbogbo èèyàn wọlé. Alátásì náà ní bí a bá pe òun lẹ́ẹ̀kẹta, a máa ra gbogbo oúnjẹ tó kù. Mo tún wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà mọ́kàndínlógún géérégé.

POBẸ̀

A sùn ní Pobẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé ọkọ̀ tí a bá ti gbé sókè, a gbọ́dọ̀ tún táyà iwájú rẹ̀ tò kó má bàa máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá wa tò ó ò ní ẹ̀rọ. Okùn ló ta láti táyà ẹ̀yìn dé ti iwájú, ó fi ojú wò ó, ó sì fún bóòtù títí okùn fi kan táyà níbi mẹ́rin. Ó pè mí wá wò ó. Bí èmi ti ń fa ìlà sára aṣọ ló ṣe fà á. Inú mi dùn débi pé mo ní kó jẹ́ kí n tún ẹ̀gbẹ́ kejì tò fúnra mi.

Ibi tí a dé sí wà lẹ́bàá ọ̀nà tí igi ọ̀pẹ tò sí. Ọkùnrin onílé se amíwò fún wa, òkèlè àgbàdo tí wọ́n fi omi ọbẹ̀ adìyẹ rò títí ó fi pọ́n. Ó bèèrè ibi tí à ń lọ, mo sọ fún un. Ó wo ẹsẹ̀ Màmá, ó wo ọkọ̀ mi láti ojú fèrèsé, ó sì lọ jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó rọ̀ níbẹ̀ lánàá."  Àwọn ará ibẹ̀ kì í sọ fún àlejò pé kó má lọ.

ILẸ̀ DÚDÚ

A kúrò lójú ọ̀dà láàárọ̀. Mo dá ibi tí ebè ti gbé wa mọ̀ kí n tó débẹ̀: igi ńlá kan, ọ̀nà tó yà sósì, kòtò méjì. Mo sọ̀ kalẹ̀ wọn gíga ebè náà. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlógún ló jẹ́ lọ́jọ́ tó gbé wa. Ó ti di méjìdínlógún. Kò sì ṣeé gùn, torí bí táyà bá gun orí rẹ̀, á yọ̀ bí ilá, á sọ èèyàn sínú gọ́tà. Àfi kí ikùn ọkọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá.

Mo mú ẹfun tí mo fi ń sàmì sára aṣọ, irú èyí tó ní ìda nínú tí omi kì í fọ̀ kúrò. Mo fa ìlà kan sí abẹ́ irin tó bo ọrùn páìpù èéfín. Bí ebè bá kàn án, ìlà náà á pa rẹ́. Èmi àti Màmá nìkan la wà nínú ọkọ̀, ìwọ̀n mi sì jẹ́ ogún sẹ̀ǹtímítà ó lé mílímítà méjì. A rìn bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Màmá di ìjókòó iwájú mú, ojú rẹ̀ dì. Nígbà tí mo sọ fún un pé a ti kọjá, ó ní, "Kọjá kí ni?"

Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́ jókòó síwájú ilé, ó kọjú sí ibi tí ìró ọkọ̀ ti ń bọ̀. Wọ́n gbé omi wá, ẹnì kan ti kọ́kọ́ mu ún, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó dúró de omi. Màmá tẹ ọ̀pá rẹ̀ dé iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́ di ojú rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì, ó yí i sí oòrùn, ó sún mọ́ ọn.

"Dúró jẹ́ẹ́. Jẹ́ kí n wò ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí ọ. O ti darúgbó. Imú rẹ ò tíì kúrò níbi tó wà."

A lo ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò ní kọ gbogbo ohun tí a jẹ síbí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo rí àpò àgbàdo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi, àti iṣu, àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa méjì. Mo rántí Pàtírọ́ọ̀nù. Ohun tí mi ò retí ni Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́ tó jáde pẹ̀lú ìró tuntun àti báàgì.

"Mo fẹ́ rí ilé bàbá wa ní Ìlaròó," ló wí, "nígbà tí mo ṣì lè mọ ilẹ̀kùn rẹ̀."

Màmá wojú mi. Òjò ti rọ̀ ní òru méjì nínú mẹ́ta yẹn. Mo lè sọ pé kí a fi àgbàdo sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ ẹ̀gbọ́n Màmá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpò náà wá, arúgbó tó ti tẹ̀. Mo lè sọ pé kí Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́ dúró dìgbà mìíràn. Mi ò lè sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wọlé.

A dé ibi igi ńlá náà. Àwọn méjèèjì wà lẹ́yìn, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó fọ́ àwo kan nígbà èwe wọn. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ebè náà ṣì jẹ́ méjìdínlógún. Mo tún fa ìlà ẹfun mi, mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo na téèpù. Ìwọ̀n Sakẹ́tẹ́ ti fi díẹ̀ wálẹ̀, nítorí iṣu. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà sídìí síteríǹgì, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rọra wa ọkọ̀ lọ, mo ń gbọ́ ẹrẹ̀ tó ń pọ́n táyà lá, mo ń retí kí irin ha ebè.

"Ìwọ lo fọ́ ọ," Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́ ń wí. "O fi ṣeré lórí orí rẹ."

"Ẹ̀yin lẹ gbé e fún mi!"

Mo pa ọkọ̀ sí apá kejì, mo sáré wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n fún mi nílé Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́. Ẹrẹ̀ bo irin náà lọ́tùn-ún lósì. Ní àárín, ìlà ẹfun mi wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò pa rẹ́ níbì kan. Sẹ̀ǹtímítà méjìdínlógún ó lé mílímítà mẹ́fà, pẹ̀lú àwọn méjèèjì lẹ́yìn.